Nítorí Ẹran Tútù Tí O Ń Fún Àwọn Ológbò Wọ̀nyẹn

Challenge, Ìbàdàn
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú

Àṣàkẹ́ mi,

Bí o bá rí i pé lẹ́tà yìí nípọn, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sí ẹni tó kú. Ara màmá rẹ le, orúnkún mi kò sì dùn mí ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Èmi gan-an ni àyà mi ń já. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ti kúrò nílé rẹ ní Bódìjà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. O bi mí pé, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí, mo ní ọmọ-ọmọ mi ni mo wá wò. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Mo gbé e wọ takisí láti Challenge dé Dùgbẹ̀, mo tún gbé e wọ òmíràn dé Bódìjà, mo sì gbé e padà sílé bẹ́ẹ̀ ní odindi. Ojú rẹ ni n kò lè wò kí n sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

Ohun tí mo rí nìyí. Mo jókòó ní páálọ̀ rẹ, mò ń mu tíì. O gbé àwo méjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Fùkù màlúù ló wà níbẹ̀, tútù ni, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀. Àwọn ológbò méjèèjì tí tọkọtaya òyìnbó tó gbé ilé yẹn ṣáájú yín fi sílẹ̀ fún yín sáré dé, wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún. O ń rẹ́rìn-ín. O ní ìwé tí obìnrin òyìnbó náà tẹ̀ sílẹ̀ fún yín kó tó relé ló ní kí ẹ má ṣe sè é, pé ẹran tútù ló ń mú kí irun wọn dán. Ibẹ̀ ni Ayọ̀dèjì ti rá jáde lábẹ́ àga. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, ó sì ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. O gbé e, o fi etí ìró nù ún lọ́wọ́, o sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Mo bi ọ́ níbi tí o ti ń rí ẹran náà. O ní ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ní odò ẹran, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ló ń gbé e wá láràárọ̀. O ní kì í gba kọ́bọ̀, pé ó ní ẹran tí ènìyàn kì í jẹ ni.

Àṣàkẹ́, mo mọ ọ̀gbẹ́ni yẹn. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì rí i sójú rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Gbé ọmọ fún ọkọ rẹ, kí o jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, màmá rẹ pàápàá kò gbọ́ ọ títí di àná.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ogun abẹ́lé ni. O kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Yàrá kan àti páálọ̀ la gbà ní Mọ́kọ́lá, nínú ilé gbọọrọ tí yàrá kọjú sí yàrá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ lábẹ́ àwọn wolé-wolé, wọ́n sì pín mi sí odò ẹran. Bí ọ̀gá wa bá yẹ ẹran wò tó dára, á lu òǹtẹ̀ búlúù sí i lára. Èyí tí kò bá dára, á fi ọ̀bẹ là á yánnayànna kí alápatà má baà rí i tà, á sì fà á lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n da kẹrosíìnì sí i lára, kí n gbẹ́ ilẹ̀, kí n sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí aràn pẹlẹbẹ kún inú rẹ̀, fùkù tó yọ kókó, ẹran màlúù tó ṣubú kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá.

Èkúté ilé yẹn pọ̀. Ọ̀kan ti gé ọ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ jẹ nígbà tí o sùn. Èyí ló mú mi wá ológbò méjì. Mo fẹ́ràn wọn, kí n má purọ́. Bí ẹran tí a kọ̀ bá sì kọjá lọ́wọ́ mi báyìí, mo máa ń gé díẹ̀ pamọ́ kí n tó da kẹrosíìnì sí ìyókù. Mo ní ológbò kì í ṣe ènìyàn. Tútù ni mo ń fún wọn jẹ. Wọ́n sanra, irun wọn ń dán bí aṣọ àrán. Àwọn ará ilé á ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ológbò yín ju ológbò òyìnbó lọ," orí mi á wú.

Ó wá di ọjọ́ kan. Màmá rẹ ti lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó bímọ ní Ọ̀yọ́, màmá mi sì wá láti Ìgbòho láti bá mi mójú tó ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n já màlúù sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó ti òkè Ọya dé. Ọ̀kan ti kú, ikùn rẹ̀ ti wú. Ọ̀gá wa ní odindi rẹ̀ ni kí n bò mọ́lẹ̀. Mo bò ó, àfi ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fi ewé pọ́n ọn, mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi. Nígbà tí mo yà sílé lọ́sàn-án, mo kó o sínú abọ́ lẹ́yìnkùlé, mo dé e, mo ní bí mo bá dé nírọ̀lẹ́ ni màá gé e fún àwọn ológbò.

Màmá mi ṣí i wò. Wọ́n ní, "Àkànní, kí lèyí?"

Mo ní, "Ti àwọn ológbò ni, Màmá."

"Ti ológbò! Ẹ̀dọ̀ tó tó báyìí? Nígbà tí mo bí ọ, àfi bí wọ́n bá ń ṣọdún ni ẹ̀dọ̀ fi ń kàn mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo padà síbi iṣẹ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí n sọ: "Kò dára, Màmá." N kò sọ ọ́. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á pariwo, pé ará ilé á gbọ́, pé ọ̀rọ̀ á dé etí ọ̀gá mi, wọ́n á sì lé mi.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, òórùn ẹran yíyan ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi ti yan án lórí èédú, wọn kò sì jẹ́ kó jinná, nítorí pé eyín wọn kò ká líle mọ́. Ìwọ jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ọ̀rá ń tàn yinrin lẹ́nu rẹ. Wọ́n ti fi ègé kan pamọ́ dè mí. Wọ́n ní, "Gbà, ọmọ mi, jẹ tìrẹ. Mo ti fún àwọn ológbò rẹ ní tiwọn, má sunkún."

Mo gbà á. Mo dọ́gbọ́n jù ú fún ológbò. N kò sọ̀rọ̀, Àṣàkẹ́! Mo ní bóyá iná ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní bóyá kò ní ṣe nǹkan kan. Mo wo ojú rẹ títí tí oorun fi gbé ọ lọ.

Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti gbé ìwọ àti màmá mi dè. Ojú rẹ jìn sínú. Mo pè ọ́, o kò dá mi lóhùn. A gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Dókítà bi wá pé, "Kí ni wọ́n jẹ?" Àwọn ará ilé tó tẹ̀ lé mi wo ojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Sìdí gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún wọn lánàá." Èmi wolẹ̀.

Obìnrin ará Ṣakí ni Ìyá Sìdí, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Òun ló máa ń pọ̀n ọ́ bí màmá rẹ bá lọ sọ́jà. Òun ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì.

Ní ọjọ́ kẹta, màmá mi kú. Ìwọ lo ọjọ́ mọ́kànlá níbẹ̀ kí o tó lè jókòó. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ilé yẹn yí padà. Wọ́n ní Ìyá Sìdí ló fi nǹkan sínú ọ̀lẹ̀lẹ̀. Wọ́n ní ó ń jowú nítorí pé ọmọbìnrin rẹ̀, Sìdí, kú ní kékeré, ìwọ sì wà láàyè. Àwọn obìnrin tó ń bá a jẹ ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá. Onílé ní kó kẹ́rù rẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo rí i tí wọ́n ń di ẹní rẹ̀ mọ́ ọmọlanke. Kò ṣépè, kò sunkún. Ó wo fèrèsé wa lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ.

Kò ṣe àwọn ológbò ní nǹkan kan. Wọ́n jẹ nínú ẹ̀dọ̀ kan náà, wọ́n na ara wọn sóòrùn.

Nítorí náà, ẹyinjú mi, má sọ fún mi pé àwọn ológbò tìrẹ sanra. Ikùn wọn gba ohun tí ikùn ọmọ kò gbà. Ohun tó ń kán sílẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù, àti ohun tó wà lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bá ń lá Ayọ̀dèjì lójú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Mo fẹ́ tò ó ní ẹyọ-ẹyọ, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ṣi í kà, fara mọ́ ọn.

Àkọ́kọ́, bí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá dé lọ́la, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sọ fún un pé ó tó. Má bá a jà. Bi í pé ta ló yẹ ẹran náà wò, kí o sì wo ojú rẹ̀. Ní odò ẹran, wọn kì í fi ohun tó dára tọrẹ. Ìwo àti pátákò pàápàá ní oníbàárà. Èyí tí kò ní oníbàárà, ó nídìí.

Èkejì, bí o kò bá fẹ́ lé àwọn ológbò náà, n kò ní kí o lé wọn. Ra ẹran lọ́wọ́ alápatà tí o mọ̀, bọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní ṣẹ̀jẹ̀ mọ́, jẹ́ kó tutù, kí o fún wọn. Wọ́n á kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n á kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n á jẹ ẹ́. Ìwé tí obìnrin òyìnbó yẹn tẹ̀, n kò ní irọ́ ló pa. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí nílùú tirẹ̀, níbi tí òtútù ti ń bá wọn tọ́jú ẹran. Níbí, oòrùn ń se ẹran kí a tó gbé e dé ilé, fíríìjì rẹ sì ń sinmi bí iná bá ti lọ. Gbé àwo wọn jáde sẹ́yìnkùlé. Yan ọ̀bẹ kan sọ́tọ̀ fún wọn, má fi gé ẹ̀fọ́, má fi gé búrẹ́dì. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ kí o tó gbé ọmọ, fi ọṣẹ fọ tirẹ̀ náà. Etí ìró kì í ṣe omi.

Èyí tó tún wà lọ́kàn mi ni ìyá ọkọ rẹ. O ní wọ́n ń bọ̀ wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ yín. Àṣàkẹ́, obìnrin àgbà kì í fẹ́ kí ẹran ṣòfò. Bí wọ́n bá ṣí fíríìjì rẹ tí wọ́n bá odindi fùkù níbẹ̀, ṣé wọn kò ní gbé e kaná? Ohun tó bá léwu, sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ májèlé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún màmá mi. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Kò di odindi nínú wọn.

Bí ọmọ bá sì ṣàìsàn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, tí dókítà bá béèrè ohun tó jẹ, sọ gbogbo rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìwọ lo ṣe é, ìbáà jẹ́ ọkọ rẹ ló ṣe é. Kí wọ́n bú ọ, kí ọmọ yè.

N kò mọ iye tí mo ti kà. Jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo rí Ìyá Sìdí ní Ṣàngó. Ó ní ìsọ̀ kan níbẹ̀, ó ń ta abọ́ àti ike. Mo sọdá sí òdì kejì títì kó má baà rí mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo kúrò nílé rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lè sá fún un mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá a. Mo dúró títí tó fi ti mọ́sálásí dé.

Orí rẹ̀ ti funfun. Mo kí i. Ó wò mí, ó tún wò mí. Ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́." Kò ní ẹ káàbọ̀. Ó fa àpótí kan sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Ìyá Sìdí, kì í ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀ yín ló pa màmá mi."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ̀dọ̀ ni. Èmi ni mo gbé e wálé. Òkú màlúù ni."

"Mo mọ̀. Màmá gbé ègé kan wá fún mi lọ́jọ́ yẹn. Mo bi wọ́n pé ta ló dú ẹran náà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé ti ológbò yín ni. Mo ní kí wọ́n má bínú, n kì í jẹ ẹran tí n ò mọ ẹni tó dú u."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ?"

"Mo sọ." Kò gbé ohùn sókè. "Mo sọ fún onílé. Ó ní kí wọ́n pè yín. Wọ́n pè yín, Bàbá Àṣàkẹ́. Wọ́n bi yín lójú mi bóyá ẹran kankan wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹ ò rántí ohun tí ẹ sọ?"

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún ara mi pé mo kàn dákẹ́ ni. N kò dákẹ́. Mo ní, "Ẹran kankan kò wọlé." Àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú sí Ìyá Sìdí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Oníbàárà kan dé. Ó dìde, ó tà fún un, ó padà wá jókòó. Mo rò pé yóò lé mi ni. Ó gbójú sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó yè?"

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè.

Ó ní, "Ó ṣì wà nílé ìwòsàn nígbà tí wọ́n lé mi. Mo gba Ṣakí lọ. Ta ni mo fẹ́ bi? Mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, n ò mọ̀ bóyá ẹni tó wà láàyè ni mò ń ṣe é fún àbí òkú."

Mo sọ fún un pé o yè. Mo ní o ti relé ọkọ, Bódìjà lo wà, o ti bímọ ọkùnrin. Ó fi ìborùn bo ojú. "Alhamudulilahi," ló ń wí. Kò ní òun dárí jì mí. N kò bi í.

Nígbà tí mo dìde, ó ní òun fẹ́ fojú kàn ọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá rẹ lánàá. Láti ọdún wọ̀nyẹn ló ti ń bú Ìyá Sìdí, tó ń pè é ní apani. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó gbé oúnjẹ mi síwájú mi láàárọ̀ yìí, ó sì jáde lọ jókòó síta.

Ẹ̀rù ń bà mí pé ìwọ náà á dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ tí mo rí nílẹ̀ páálọ̀ rẹ ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, kó o tó ronú lórí ọ̀rọ̀ mi, kó o tó pinnu bóyá o ṣì máa pè mí ní bàbá, kọ́kọ́ lọ kó fùkù tó wà nínú fíríìjì rẹ jáde. Má fún ajá, má fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ẹ. Da kẹrosíìnì sí i, kí o bò ó mọ́lẹ̀, kí ilẹ̀ náà jìn. Fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ibi tí o gbé e sí.

Lẹ́yìn náà, pọn Ayọ̀dèjì, kí o wọ takisí lọ sí Ṣàngó. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún bí o bá ń ti Mọ́kọ́lá bọ̀, ike aláwọ̀ pupa ló gbé kọ́ síwájú. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Má bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ orúkọ rẹ nìkan fún un, kó rí i pé o wà láàyè.

Èmi ni bàbá rẹ, tó pẹ́ kó tó lanu,
Àkànní.